Ẹran Erin Lórí, Ìrẹ̀ Lẹ́sẹ̀

Àwọn àgbà ní a kì í ru ẹran erin lórí ká tún máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Wọn ò tíì rí oní-fóònù òde òní ni. Ẹ dúró díẹ̀ lọ́jà Àgọ́-Àrẹ ní Òkè-Ògùn, ẹ ó rí i: fóònù tó fi owó iṣu ọdún kan rà wà lọ́wọ́, páwà báǹkì tó wúwo ju fóònù lọ wà lápò, íyápíìsì rọ̀ lọ́rùn, iná róbótó tí wọ́n fi ń ya fọ́tò wà lábíyá. Erin kan, ìrẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń ṣe fóònù gan-an ti wa ìrẹ̀ ju oní-fóònù lọ. Lọ́dún 2013, Dave Hakkens, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, dábàá fóònù tí èèyàn á máa yọ kámẹ́rà tàbí bátìrì rẹ̀, táá sì fi òmíràn rọ́pò. Motorola, tó wà lábẹ́ Google nígbà náà, gbé irú rẹ̀ dìde lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n pè é ní Project Ara. Lọ́dún 2016, Google pa á tì. Ọdún yẹn náà ni fóònù Moto Z jáde, tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì pọn nǹkan sẹ́yìn: sípíkà JBL, kámẹ́rà Hasselblad, àní ẹ̀rọ tó ń gbé sinimá sára ògiri. Ẹni tí NẸ́PÀ ò jẹ́ kó rí ṣájì, sinimá wo ló fẹ́ wò?

Ìrẹ̀ tó sanra jù, ọwọ́ wa ló wà tẹ́lẹ̀. Nokia 1100, olótọ́ọ̀ṣì tó jáde lọ́dún 2003, bátìrì BL-5C ló ń lò, èékánná lásán la sì fi ń ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Àgbẹ̀ tó fẹ́ sùn lóko á mú bátìrì méjì dání. Bí ọ̀kan bá kú, á ki èkejì bọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó pè é ní ọgbọ́n tuntun. Àfi bí àwọn ọlọ́jà ṣe fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn fóònù pa, tí wọ́n wá ń ta páwà báǹkì fún wa. Ta ló kúkú ń wa ìrẹ̀ fún ta?

Bó bá sì jẹ́ pé wíwà la fẹ́ wà á, ihò pọ̀ ní Òkè-Ògùn. Ẹ ṣe ohun kékeré kan tí àgbẹ̀ á kì bọ ẹnu fóònù, tí yóò sọ bóyá àgbàdo ti gbẹ tó láti kó sínú àká. Bí omi inú rẹ̀ bá fi ju ìdá 13 nínú 100 lọ, ó lè bu, kí oró aflatoxin sì bá a. Ẹ ṣe òmíràn tó ń wọn iṣu, kí alájàpá tó wá láti Ìbàdàn yé fi ojú lásán dá iye lé e. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò dùn-ún polówó tó kámẹ́rà tó ń bó ojú.

Àwọn ará Yúróòpù ti ṣòfin lọ́dún 2023 pé láti February 2027, ẹni tó ra ẹ̀rọ àfọwọ́gbé gbọ́dọ̀ lè yọ bátìrì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n sì rọra ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún fóònù tí bátìrì rẹ̀ bá lálòpẹ́ tí omi ò sì lè wọ̀. Ọmọ tó ń tún fóònù ṣe ní Àgọ́-Àrẹ ò dúró dè wọ́n. Á gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná, á yọ́ gọ́ọ̀mù, á ní kẹ́ ẹ mówó bátìrì wá, kẹ́ ẹ sì máa gbàdúrà fún síkìríìnì.