Bọ̀dá Onísípíkà

Ọ̀nà àtimọ ilé rẹ̀ kò le. Ẹ wọ àdúgbò èyíkéyìí ní Sùúrùlérè tàbí Múṣin lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, kí ẹ máa tọ ìró béèsì lọ títí ẹ ó fi dé ilé tí gíláàsì fèrèsé rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ ti débẹ̀ nìyẹn. Bọ̀dá Onísípíkà ni tọmọdé tàgbà ń pè é, kò sì sí oyè tí ọba lè fi í jẹ tí yóò dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ òṣìṣẹ́ báńkì, ó lè jẹ́ ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì lè jẹ́ pé páàtì mọ́tò ló ń tà. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ tó gbà pé òun torí rẹ̀ wáyé ni kó máa wọ ilé onílé, kó wo ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kó mirí, kó sì wí pé: "Àbúrò, èyí kéré."

Nínú ẹ̀sìn rẹ̀, oríṣi sípíkà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni adúrónílẹ̀, èyí tó ga dé ìbàdí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹni méjì á jọ gbé wọlé kí gbogbo ojúlé lè rí i. Èkejì ni ti orí pẹpẹ, èyí tí ènìyàn lè há sábíyá. Bọ̀dá kì í pe ti èkejì yìí ní sípíkà rárá. Rédíò aláìníbátìrì ló ń pè é. "Ṣé ọmọ ọwọ́ ni," á ní, "tí wọ́n á fi máa gbé e sókè?" Bí ẹ bá rán an létí pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ, yóò ní kí ẹ lọ máa fi abẹ́rẹ́ gbọ́ orin.

Ẹ jẹ́ ká bá a dé ọjà Alábà. Ọmọkùnrin kan ní àdúgbò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, ó fẹ́ ra sípíkà, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un pé ẹni tó bá lọ Alábà láìmú Bọ̀dá dání, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe ara rẹ̀. Bí Bọ̀dá ti dé ìsọ̀, kò ní kí wọ́n tan nǹkankan gbọ́. Ó fi ojú wọn ọjà láti òkè dé ilẹ̀, ó fi ìka gbá pákó ara rẹ̀ kó, kó, kó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sídìí páálí. Wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀: 10,000 wáàtì. Ojú Bọ̀dá tàn.

"Ẹ̀gbọ́n," ọmọkùnrin náà rọra wí, "pálọ̀ mi ò ju ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú àti lóòró lọ o. Mo rò pé àwọn kékeré wọ̀nyí..."

"Ṣé ibẹ̀ lo máa gbé kú ni? O ò ní kọ́lé?"

"Mo máa kọ́lé, sà."

"Ilé alágbàlá, onípálọ̀ méjì?"

"Àmín, sà."

"Sípíkà wo lo wá fẹ́ gbé síbẹ̀?"

Nígbà tí ọjà ti di àdúrà, ta ló tó kọ̀ ọ́? Ọmọkùnrin náà ṣe àmín, ó sì sanwó.

Ẹ má bi Bọ̀dá léèrè ibi tí 10,000 wáàtì yóò gbà wọlé. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí gbogbo wa ń kì bọ ara ògiri, fíúsì ámpíà 13 ló wà nínú rẹ̀. Bí iná bá tilẹ̀ pé fóòtì 240, ohun tí wọ́n ṣe é fún kò ju nǹkan bí 3,000 wáàtì lọ. Ọjọ́ tí kò bá sì síná, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a mọ̀ sí "I better pass my neighbour" ni Bọ̀dá ń fà, èyí tí agbára rẹ̀ kò tó 1,000 wáàtì, tó sì tún ń gbé fáànù mọ́ ọn. Àmọ́ ohun tí wọ́n bá ti kọ sára páálí ti di òtítọ́ lọ́dọ̀ Bọ̀dá. Ẹ sọ fún un pé kí orin tó lè dún ní ìlọ́po méjì létí, agbára tó ń lù ú ní láti tó ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ ní wáàtì díẹ̀ péré ni ìdílé ń lò tí wọ́n bá ń gbọ́ orin jẹ́jẹ́ ní pálọ̀. Yóò bi yín bóyá ẹ̀yin ló ṣe páálí náà.

A kò ní purọ́ mọ́ adúrónílẹ̀. Àpótí rẹ̀ tóbi, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀, nítorí náà ó ń sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ohùn tí ti orí pẹpẹ kò dé. Okùn tó nípọn jù lára jìtá béèsì ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Adúrónílẹ̀ tó dáa lè gbé e jáde bó ṣe wà. Ọ̀pọ̀ nínú ti orí pẹpẹ, ó ti máa ń rẹ̀ wọ́n ní nǹkan bí ìgbà 60, ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn fi ń ra súbúwúfà kún un. Ṣùgbọ́n ohùn tó lọ sílẹ̀ tó yẹn, ìgbì rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 27. Ẹ wá tì í mọ́ yàrá ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 12. Yóò kọlu ògiri, yóò padà, yóò kó ara rẹ̀ jọ sí kọ̀rọ̀, ohun tí yóò sì kan ẹni tó jókòó lára ni ìró bọ̀ọ̀-bọ̀ọ̀ kan tó bo ohùn akọrin mọ́lẹ̀. Yàrá ló ń yan sípíkà, kì í ṣe gíga. Bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Nínú ilé kékeré, etí ló ń kọ́kọ́ ya.

Pálọ̀ tirẹ̀ gan-an ni kí ẹ wò. Ọ̀kan nínú sípíkà méjèèjì wà ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn àga, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ló gbà á; èkejì wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. Ẹni tó bá ń gbọ́ jìtá Sunny Adé láti kọ̀rọ̀, ibi tí wọ́n ti ń din dòdò ni yóò ti máa gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá tó bá sípíkà méjèèjì wá láti ilé iṣẹ́ ṣì wà lára wọn, kí eruku má bà wọ́n jẹ́. Lórí ti kọ̀rọ̀ ni Ìyá Bọ́lá, ìyàwó rẹ̀, tẹ́ léèsì funfun sí, tó gbé fọ́tò ìgbéyàwó wọn lé. Bí béèsì bá ti wọlé, ọkọ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí etí sípíkà, ìyàwó á tẹ̀ lé e, Ìyá Bọ́lá á sì sáré láti kíṣìnì wá mú àwọn méjèèjì kí wọ́n tó já lulẹ̀. "Bàbá Bọ́lá, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́ o!" Bàbá Bọ́lá kò gbọ́. Ilé tí wọ́n torí rẹ̀ ra gbogbo èyí wà ní Mówè. Fọ́ńdéṣọ̀n ló dé.

Bọ̀dá kì í gbọ́ orin. Sípíkà ló ń gbọ́. Àlejò kò tíì jókòó tán tí yóò ti ní, "Ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́ ibí yìí." Ibi tí Ebenezer Obey ti fẹ́ gba ènìyàn nímọ̀ràn ni yóò fò kọjá, nítorí pé béèsì kò pọ̀ níbẹ̀. Yóò gbé Haruna Ishola sí i, àwo àwọn ọdún 1950 tó jẹ́ pé ohùn ẹyọ kan ni wọ́n fi gbà á sílẹ̀, tí sípíkà kan ṣoṣo sì tó o, yóò wá máa fi ìka hàn yín pé apá òsì ni àgídìgbo wà. Orin náà gan-an, inú fóònù ló wà. Ẹnì kan ló fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, òun náà rí i gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n sì ti fún un títí ẹ̀jẹ̀ fi tán lára rẹ̀. Owó tó bá sípíkà lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ra kẹ̀kẹ́ Márúwá; èyí tó bá orin lọ kò ra búrẹ́dì.

Ìbátan rẹ̀ kan wà ní Peckham tó ya wèrè tirẹ̀ sí ọ̀nà kejì. Bí ẹnikẹ́ni bá húkọ́ nígbà tí orin ń lọ, òun á dá orin náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbé sípíkà orí pẹpẹ méjì wá sílé nígbà Kérésìmesì, LS3/5A, irú èyí tí àwọn ẹlẹ́rọ BBC ṣe ní àárín àwọn ọdún 1970 fún inú ọkọ̀ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, níbi tí kò ti sí àyè. Gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan. Ó gbé wọn sórí òpó, ó gbé wọn jìnnà sí ògiri, ó sì fi téèpù wọn àlàfo wọn títí twítà, ẹnu tí ohùn tínrín ń gbà jáde, fi ṣe déédéé etí ẹni tó jókòó. Bọ̀dá wo ẹ̀yìn wọn, ó wo abẹ́ wọn.

"Ìyókù ńkọ́?"

Wọ́n tan orin. Ìyá ìlù fọhùn, gbogbo ilé sì gbọ́ ohun tó sọ. Gúdúgúdú dá dúró lápá kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lápá kejì, akọrin sì wà láàárín gbùngbùn, níbi tí kò sí sípíkà kankan. Dòdò jóná lọ́wọ́ Ìyá Bọ́lá. Gbogbo ojú wá yí sí Bọ̀dá. Ó họ irùngbọ̀n.

"Ó dáa," ó ní. "Ó dáa fún ẹni tó ń ṣàìsàn. Ṣé ó lè ṣe ìsọmọlórúkọ?"

Kò lè ṣe é. Tí wọ́n bá bímọ ládùúgbò, ilé Bọ̀dá ni wọ́n ń sáré wá ní ìdájí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, tí àwọn géńdé á gbé adúrónílẹ̀ méjèèjì bọ́ sí gbangba. Lábẹ́ kánọ́pì, kò sí ògiri tí béèsì yóò kọlù, kò sí kọ̀rọ̀ tí yóò sá sí. Ohùn là gaara, ìmọ̀ràn Obey dé etí, àwọn ìyá arúgbó dìde jó. Ọjọ́ yẹn nìkan ni owó Bọ̀dá ń jèrè, àwọn ènìyàn sì ń kí i: "Bọ̀dá, sípíkà yín dùn lónìí o!" Kò dá wọn lóhùn. Ó ti rí i pé ojúlé kejì náà ń ṣe ìnáwó, ó sì dà bíi pé sípíkà tiwọn fi ìka méjì ga ju tirẹ̀ lọ.