Ẹ Tà Wọ́n! Ẹ Dá Wọn Padà!

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ohun kan ṣoṣo ló kù fún ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù New York Mets láti ṣe: kí wọ́n na Marlins ní Miami. Cincinnati Reds tí wọ́n jọ ń du àyè tó kù nínú ìdíje àṣekágbá ṣe wọ́n lóore, àwọn náà fìdí rẹmi lọ́jọ́ kan náà. Mets wo oore yìí, wọn ò tẹ́wọ́ gbà á. Marlins nà wọ́n ní 4 sí òdo. Nínú eré 162 tí Mets gbá ní sáà náà, wọ́n borí 83, wọ́n pàdánù 79, wọ́n sì di ẹrù wọn darí sílé.

Ká ní ẹgbẹ́ tálákà ni, àwọn èèyàn ì bá ní orí ló ṣe é. Ṣùgbọ́n Mets yìí ló gbé mílíọ̀nù 765 dọ́là kalẹ̀ fún ọdún 15 kí Juan Soto lè kúrò lọ́dọ̀ Yankees, kó wá bá wọn ní Queens. Kò tíì sí agbábésíbọ́ọ̀lù tó buwọ́ lu irú owó bẹ́ẹ̀ rí. Soto alára ò sùn: ó gbá bọ́ọ̀lù 43 fò kọjá ògiri pápá, ó sì jí béèsì 38. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, kò sí ẹgbẹ́ tó ń ṣe dáadáa tó Mets nínú gbogbo líìgì. Wọ́n ti borí 45, wọ́n pàdánù 24 péré. Àfi bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bí òrí tó rí oòrùn.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Miami tó ṣú, àwọn alátìlẹ́yìn ti dá ẹjọ́. Orí rédíò ni kóòtù wọn wà. WFAN ní New York ni ilé iṣẹ́ rédíò tó kọ́kọ́ fi wákàtí 24 jin ọ̀rọ̀ eré ìdárayá nìkan, láti ọdún 1987, àwọn tó sì ń pè síbẹ̀ kì í pè láti béèrè nǹkan. Ìdájọ́ ni wọ́n ń gbé wá. Olúwarẹ̀ á kọ́kọ́ kí olóòtú, á ní ó pẹ́ tí òun ti ń gbọ́ ètò náà, pé ìgbà àkọ́kọ́ tí òun máa pè nìyí, á wá ka orúkọ àwọn mẹ́jọ tó yẹ kí wọ́n tà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó fẹ́ kí wọ́n lé kóòṣì. Ó fẹ́ kí wọ́n lé ẹni tó gba kóòṣì síṣẹ́. Tí àyè bá sì kù, kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ta gúgúrú ní pápá wò, torí ọwọ́ ẹ̀ ò yá mọ́. Gbólóhùn tí wọn kì í gbàgbé ni pé láti ìgbà tí àwọn ti dáyé, àwọn ò rí irú ìtìjú báyìí. Ẹgbẹ́ tó pàdánù eré 120 ní sáà àkọ́kọ́ tó gbá láyé, lọ́dún 1962, ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀ o.

David Stearns, ọ̀gá tó ń ra agbábọ́ọ̀lù tó sì ń tà wọ́n fún Mets, gbọ́. Ó sì lè jẹ́ pé kò gbọ́ rárá, pé ohun tó wù ú ló ṣe, ó kàn ṣe kòńgẹ́ ohun tí wọ́n ní kó ṣe ni. Kí oṣù kọkànlá tó parí, ó ti fi Brandon Nimmo ránṣẹ́ sí Texas Rangers, ó fi gba Marcus Semien. Ọdún 2011 ni Mets ti yan Nimmo, kò sì tíì bá ẹgbẹ́ míì gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì àgbà títí di ìgbà náà. Nígbà tó di oṣù kejìlá, Edwin Díaz, ajubọ́ọ̀lù tí wọ́n máa ń fun kàkàkí fún bó bá ń wọ pápá bọ̀, gba mílíọ̀nù 69 dọ́là lọ́wọ́ Dodgers. Pete Alonso gba mílíọ̀nù 155 fún ọdún márùn-ún lọ́wọ́ Baltimore Orioles. Jeff McNeil náà bọ́ sọ́dọ̀ Athletics. Ọmọ ilé mẹ́rin ló jáde láàárín nǹkan bí oṣù kan.

Wọ́n ní kó kó wọn dànù, ó kó wọn dànù. Igbe wá sọ: "Ta ló ní kó kó wọn dànù?"

Ohùn kan náà ni, nọ́ńbà fóònù kan náà. Bàbá tó ní lóṣù kẹsàn-án pé Nimmo ti darúgbó, pé apá ẹ̀ ò le mọ́, ló ń fi omijé ròyìn lóṣù kọkànlá bí Nimmo ṣe máa ń sáré tete lọ sí béèsì kìíní kódà nígbà tí òfin bá ní kó rìn lọ. "Irú ọmọlúàbí bẹ́ẹ̀!" Díaz tí wọ́n ti fi í ṣépè bí ẹyẹ bá fò lórí pápá ti wá di ẹni tí kò sí irú ẹ̀ mọ́. Ó dà bíi pé ohun tí alátìlẹ́yìn Mets ń fẹ́ ni kí wọ́n tún gbogbo ẹgbẹ́ ṣe látòkè délẹ̀ láìfọwọ́ kan ẹnikẹ́ni tó wà nínú rẹ̀.

Ti Alonso ló gba ẹkún jù, ó sì tọ́ kí èèyàn tú u palẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2024, ní Milwaukee, Mets ti wà lẹ́nu ọ̀nà àbájáde. Ìpín kẹsàn-án, tó jẹ́ ìpín àṣemọ́, ni wọ́n wà, Devin Williams tí apá rẹ̀ ń ba gbogbo líìgì lẹ́rù ló ń ju bọ́ọ̀lù. Alonso gbá a, ó di ẹ̀yìn ògiri, ẹni mẹ́ta wọlé, Mets borí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tí Alonso bá ní òun fẹ́ ṣe olórí ìlú New York, kò sẹ́ni tí ì bá bá a du ipò. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní ọdún 2025, àdéhùn rẹ̀ ti parí, owó ò sì tíì bá owó mu. Àwọn alátìlẹ́yìn kóra jọ sí Citi Field, pápá Mets, wọ́n bá Stearns àti Steve Cohen, olówó tó ni ẹgbẹ́, lórí pèpéle, wọ́n sì ń pariwo pé Pete làwọn fẹ́, Pete làwọn fẹ́. Cohen ní ìdúnàádúrà ọ̀hún ti tán òun lókun. Lóṣù kejì, wọ́n fún Pete ní àdéhùn ọdún méjì, tó lè já sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ṣìkẹ́ Pete tí wọ́n fi igbe gbà? Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà yẹn náà, tí Mets wà lókè téńté, Alonso ju bọ́ọ̀lù kan sí Kodai Senga tó sáré wá bo béèsì kìíní. Bọ́ọ̀lù ga. Senga fò kó lè mú un, ó balẹ̀, ó di itan mú. Senga tó ti ń ṣe bẹbẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ò bọ̀ sípò mọ́. Lóṣù kẹsàn-án, líìgì kékeré ni wọ́n dá a padà sí. Àwọn agbẹjọ́rò orí rédíò ní kí wọ́n má wulẹ̀ wádìí mọ́, àwọn ti rí ẹni tó ba ọdún jẹ́: Pete ni, ọwọ́ tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù dáa, ọwọ́ tó fi ń jù ú ló ń tú ilé. Oṣù méjì géérégé lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ, Pete gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ ìkẹtàléláàádọ́talérúgba fò kọjá ògiri, ó kọjá Darryl Strawberry, ó di ẹni tó tíì gbá irú ẹ̀ jù fún Mets. Wọ́n dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ fi pọ́n.

Bí Stearns bá ń kọ ìmọ̀ràn aráàlú sínú ìwé, ohun tó máa wà lójú ewé Alonso rèé: ẹ jẹ́ kó lọ, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó lọ, ẹ gbé e kúrò ní béèsì kìíní, ẹ gbẹ́ ère ẹ̀ síbẹ̀.

Ta wá ni Stearns rà wọlé lóṣù kejìlá yẹn kan náà? Devin Williams. Williams ti Milwaukee gan-an, tó ti lo ọdún 2025 lọ́dọ̀ Yankees níbi tí wọ́n ti hó lé e lórí. Ẹni tó gbá a ti lọ, ẹni tí wọ́n gbá ló kó ẹrù dé. Ibí yìí ni àwọn alátìlẹ́yìn pín sí méjì. Àwọn olójú, tí wọ́n gba ohun tí wọ́n rí gbọ́, ní ọkùnrin náà ti tán. Àwọn onísìírò, tí wọ́n ń wọn bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yí lójú afẹ́fẹ́, ní iṣẹ́ rẹ̀ dáa, orí burúkú ló bá a jà. Ìjà yìí ò lè parí, torí pé bí Williams bá ṣe dáadáa, àwọn olójú á ní àwọn ti rí i bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nǹkan bẹ́ẹ̀ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Francisco Lindor dé lọ́dún 2021 pẹ̀lú àdéhùn mílíọ̀nù 341 dọ́là. Ọwọ́ rẹ̀ ò tètè gbóná, wọ́n sì ń hó lé e lórí nílé ara rẹ̀. Lóṣù kẹjọ ọdún náà ni òun, Javier Báez àti àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í na àtàǹpàkò sísàlẹ̀ sí àwọn èrò ìwòran. Báez ṣàlàyé láìfi bò: wọ́n ń hó lé wa lórí, àwa náà ń hó lé wọn. Àṣé a lè dá ẹjọ́ fún adájọ́! Ọ̀rọ̀ di wàhálà, ọ̀gá àgbà ẹgbẹ́ bínú jáde, àwọn ọmọ tọrọ àforíjì. Lọ́jọ́ tí Báez tọrọ tirẹ̀ náà ló sá wọlé láti béèsì kìíní, tó fi bá Mets borí Marlins, àwọn tó ti fẹ́ kí wọ́n lé e kúrò ní ìlú sì pariwo ayọ̀ fún un. Nígbà tó fi máa di ọdún 2024, bí Lindor bá ti gbé igi, gbogbo pápá ń pè é ní agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù nínú líìgì. Ipò kejì ló ṣe, lẹ́yìn Shohei Ohtani, wọ́n sì ní ojúsàájú ni.

Ọdún 2024 yẹn ni wọ́n tún ṣàwárí ìdí tí ẹgbẹ́ fi ń borí. Kì í ṣe kóòṣì, kì í ṣe owó. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà (ọjọ́ yẹn ní nǹkan nínú fún Mets), Grimace, òkété-ò-ṣe-òkété aláwọ̀ àlùkò tó ń polówó oúnjẹ McDonald's, wá ju bọ́ọ̀lù ìṣíde ní Citi Field. Mets borí eré méje tẹ̀ léra. Àwọn onísìírò pàápàá ra aṣọ àlùkò.

Ti owó náà ńkọ́? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀sùn wọn ni pé ahun ni ìdílé Wilpon tó ni ẹgbẹ́ tẹ́lẹ̀. Cohen ra Mets lọ́dún 2020 ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.4 dọ́là. Lọ́dún 2023, owó oṣù tó ń san ju ti ẹgbẹ́ kankan nínú ìtàn bésíbọ́ọ̀lù títí di ìgbà náà. Max Scherzer àti Justin Verlander, arúgbó ajubọ́ọ̀lù méjì, ń gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 43 lọ́dún, ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mets pàdánù eré 87. Wọ́n ta àwọn méjèèjì láàárín sáà, Scherzer sì bá Rangers jẹ ife-ẹ̀yẹ World Series lọ́dún náà. Àwọn tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn sunkún owó wá sọ fún Cohen pé owó kọ́ ni gbogbo nǹkan.

Síbẹ̀, kò yẹ kéèyàn fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà tán. Lóṣù kejìlá ọdún 1971, Mets fi Nolan Ryan gba Jim Fregosi lọ́wọ́ Angels. Fregosi ò lò tó ọdún méjì. Ryan ju bọ́ọ̀lù títí di 1993, ó sì fi ayé rẹ̀ lé agbábọ́ọ̀lù kúrò nídìí igi láìrí bọ́ọ̀lù gbá nígbà 5,714, iye tí ẹnikẹ́ni ò tíì dé. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1977, nítorí ìjà owó, wọ́n fi Tom Seaver tó gbé World Series wá fún wọn lọ́dún 1969 ránṣẹ́ sí Cincinnati. Ẹni tí wọ́n ti ta irú èèyàn wọ̀nyẹn lójú rẹ̀ máa fòyà bí wọ́n bá ń ta ẹni tó kàn mọ bọ́ọ̀lù gbá díẹ̀. Ẹ̀rù náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìrántí oṣù kẹsàn-án ni kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹnì kan wà, ṣá, tí wọ́n ti ní kó lọ tí kò sì lọ. Bobby Bonilla ni. Nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Mets lọ́dún 1992, wọ́n hó lé e débi pé ó ń fi nǹkan dí etí wọ pápá. Lọ́dún 2000, ẹgbẹ́ jẹ ẹ́ ní mílíọ̀nù 5.9 dọ́là, wọ́n sì fẹ́ rí ẹ̀yìn rẹ̀. Dípò kí wọ́n san án lẹ́ẹ̀kan, ìdílé Wilpon ní àwọn á fi èlé ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lé e, àwọn á máa san án wẹ́wẹ́ láti 2011 sí 2035. Owó wọn wà lọ́wọ́ Bernard Madoff, wọ́n sì gbà pé èrè ibẹ̀ á borí èlé náà. Lóṣù kejìlá ọdún 2008, ọlọ́pàá mú Madoff fún jìbìtì. Títí dòní, ní gbogbo ọjọ́ kìíní oṣù keje, Mets ń san dọ́là 1,193,248 àti sẹ́ǹtì 20 fún Bonilla, àwọn alátìlẹ́yìn sì ti sọ ọjọ́ náà di ọdún tí wọ́n ń ṣe. Ẹni ọdún 72 ni yóò jẹ́ nígbà tí owó ìkẹyìn bá wọlé. Stearns ò lè tà á.