Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹni tó pa á lówe kò tíì rí ìjọba tó ń fi àgbọ́tẹ́lẹ̀ ṣiṣẹ́ jẹ. Ní 1999, ìjọba ológun ṣòfin adójútòfò ìlera. Ọdún mẹ́fà kọjá kí Ọbásanjọ́ tó ṣí ètò náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló sì kọ́kọ́ jókòó tì í. Ní 2014, òfin mìíràn ní kí wọ́n máa yọ náírà kan, ó kéré tán, nínú ọgọ́rùn-ún tó bá wọ àpò àpapọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́dé. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe ìwádìí ní 2018, 97 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin ni kò ní adójútòfò kankan. Ní oṣù Karùn-ún 2022, Bùhárí fọwọ́ sí òfin tó sọ adójútòfò di dandan fún gbogbo wa.

Dandan yìí gbéra l'Abuja, ó gba Òkìtìpupa wọ Àyèká, ó ń wá ìyá tó ń yan gààrí. Òṣìṣẹ́ ìjọba kò ṣòro mú: wọ́n á ti yọ owó lórí owó oṣù rẹ̀ kó tó fojú kàn án. Kí ni wọ́n fẹ́ yọ lára agbada?

"Màmá, ẹ san ti ọdún kan. Bí àìsàn bá dé, ẹ ò ní náwó."

"Àìsàn tí ta ní rán sí mi? Mo kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù! Alájọ tó kó owó wa sá lọ, ṣé o ti bá wa rí i?"

Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Aládùúgbò rẹ̀ tó ní káàdì dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní kó lọ ra oògùn ní kẹ́mísìtì ìta.

Arọ inú òwe náà kúkú wà nínú òfin 2022: wọ́n ní àpò kan wà fún aboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, arúgbó, aláìní àti abirùn. Ẹni tí yóò pọ̀n ọ́n dé ilé ìwòsàn ni wọn ò kọ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọkọ ìyá náà kú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹbí ti dá owó màlúù, ẹgbẹ́ ti yan aṣọ, àna ti háyà kánópì. Adójútòfò òkú ni tiwa: tolówó tòtòṣì ló wà níbẹ̀, kò sì sí òfin tó fi dandan mú ẹnikẹ́ni. Ìyá aláńkárá ọjà Òkìtìpupa ní orúkọ gbogbo wa nínú ìwé gbèsè rẹ̀, àti tará oko, àti tọlọ́kadà, àti tonígààrí. Bí ìjọba ò bá rí orúkọ wa kọ, kí wọ́n lọ yá ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.