Akọni Tí A Gbé Pọ̀n

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009 ni ilé-iṣẹ́ Electronic Arts ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé géèmù kan jáde fún ẹ̀rọ Wii, ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ Nintendo ti ilẹ̀ Japan ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ ní Dead Space: Extraction. Géèmù adẹ́rùbani ni, inú gbalasa òfurufú ni ìtàn rẹ̀ sì ti wáyé, ní ọdún 2508, lórí ayé jíjìnnà kan tí wọ́n ń pè ní Aegis VII, níbi tí àwọn awakùsà ti hú òkúta ègún kan jáde, tí orí wọn sì dàrú, tí òkú wọn wá ń dìde pẹ̀lú apá tó mú bí àdá láti máa ṣá àwọn alààyè. Bí ènìyàn bá yìnbọn lu irú òkú bẹ́ẹ̀ lórí, kò tíì ṣe nǹkan kan. Àfi kó yìn ín lápá, kó yìn ín lẹ́sẹ̀, títí yóò fi kù bí ìtì igi. 

Ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù gan-an ló mú kí géèmù náà tọ́ sí àyẹ̀wò. Òkùnkùn pọ̀ nínú rẹ̀, iná ọwọ́ tí akọni fi ń ríran sì máa ń kú, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń gbá géèmù náà gbọ́dọ̀ máa gbọn ọ̀pá oníke tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jìgìjìgì kí iná náà tó lè tún tàn. Ẹni tó bá fẹ́ gbá a ní Ọ̀wọ̀ tàbí ní Ìdó-Àní, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, lálẹ́ tí iná ìjọba bá lọ yóò ra epo, yóò fa okùn jẹnẹrétọ̀, iná yóò tàn yòò ní yàrá rẹ̀, yóò wá fi iná tó fowó rà náà wọ inú òkùnkùn biribiri lọ, níbi tí yóò ti máa gbọn ọ̀pá kí iná lè tàn. Bí jẹnẹrétọ̀ bá wá kú láàárín kan, òkùnkùn méjì di ọ̀kan, kò sì sí ọ̀pá tí a lè gbọ̀n fún ti ìta.

Rail shooter ni àwọn onímọ̀ ń pe irú géèmù yìí, ìyẹn ni pé ìbọn wà lọ́wọ́ akọni ṣùgbọ́n orí irin ló wà: ẹ̀rọ ló ń rìn, ẹ̀rọ ló ń yà, ẹ̀rọ ló ń sá nígbà tí ó bá tó láti sá, olórí iṣẹ́ tó sì kù fún akọni ni kó na ọwọ́ kó sì yìnbọn. Ojú irin gidi kò dé Ọ̀wọ̀ rí. Èyí tí àwọn òyìnbó là láti Èkó gba Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn lọ sí Òṣogbo àti Ìlọrin kò ya sọ́dọ̀ wọn, èyí tó sì ti Ìtakpẹ lọ sí Warri gba ìpínlẹ̀ Ẹdó kọjá lọ tirẹ̀, nítorí náà ọmọ Ọ̀wọ̀ lè wọ ojú irin Aegis VII kó tó fojú kan ọkọ̀ ojú irin kankan.

Yorùbá ní ẹni tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ẹsẹ̀ tí kò kan ilẹ̀ kò lè ròyìn ilẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹni tí a gbé pọ̀n yóò máa làágùn, tí yóò máa pariwo lẹ́yìn ẹni tó pọ̀n ọ́n, tí yóò sì sọ̀kalẹ̀ níkẹyìn kí wọ́n wá ki oríkì ọdẹ fún un. Nígbà mìíràn ẹ̀rọ náà a tilẹ̀ bi í bóyá ọ̀tún ni yóò yà tàbí òsì, akọni a ronú, a yan ọ̀kan pẹ̀lú ìgboyà, ọ̀nà méjèèjì a sì tún pàdé níwájú, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí fún àwọn tó ń dìbò yan ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá méjì ní ilẹ̀ Nàìjíríà.

Ibi tó dunni jù nínú rẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀. Ojú òṣìṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Sam Caldwell ni a fi ń wo ohun gbogbo. Ẹ̀rọ gbé e, àwọn kan ń ya bò ó, ó sì ń yìn wọ́n níbọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí a fi rí i pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n, pé orí rẹ̀ ló ti dàrú, wọ́n sì yìnbọn pa òun náà. Àwọn ọmọkùnrin tí àwọn olóṣèlú ń kó sínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ ìdìbò kì í gbá géèmù yìí, síbẹ̀ ìtàn wọn ni.

Síbẹ̀, kò yẹ kí á bínú sí ọmọ tó ń gbọn ọ̀pá oníke. Owó rẹ̀ ló ń ná, inú géèmù nìkan ló ti ń yìnbọn, nígbà tó bá sì pa ẹ̀rọ náà tán, ó mọ̀ pé òun kò kúrò lórí àga. Àwọn aláṣẹ tí kò mọ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, àwọn agbébọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adeusi, ní Ẹlẹ́gbẹ́ka nígbà tí ó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ wálé. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ní Ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa nǹkan bí 40 olùjọsìn. Lẹ́yìn irú ìpakúpa bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláṣẹ máa ń dé nínú ọkọ̀ tí ọta kò lè wọ̀, síréènì níwájú, ọlọ́pàá lẹ́yìn, awakọ̀ ló ń wà, awakọ̀ ló ń yà, àwọn a sì máa wo igbó láti ojú fèrèsé bí ẹni wo tẹlifíṣọ̀n. Ọta tí wọ́n ń yìn ni gbólóhùn náà pé ìjọba bẹnu àtẹ́ lu ìwà ibi yìí. Ó dún, kò sì ba ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá padà dé ọ́fíìsì, wọ́n a ní àwọn ti dé ojú ogun. Irọ́ ni. Ẹ̀yìn ni wọ́n wà láti ilé, ẹ̀yìn náà ni wọ́n sì bá padà.

Kí ẹnikẹ́ni tó bá tún fẹ́ gba ibò àwọn ará Ọ̀wọ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, níbi tí Ìfọ́n wà, kọ́kọ́ lọ sí gáréèjì Ọ̀wọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kó san owó ọkọ̀ rẹ̀, kó bá àwọn ìyálọ́jà fún ara wọn mọ́ inú bọ́ọ̀sì akérò, kó sì gba Ẹlẹ́gbẹ́ka dé Ìfọ́n láìsí síréènì, kó tó la ẹnu sọ̀rọ̀ ààbò fún ẹnikẹ́ni.