Mọ́mì Tó Lọ Wẹ Ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù

Fíísà oṣù mẹ́fà, àpótí tó kún fún ẹ̀gúsí àti ẹja gbígbẹ, ọmọ tuntun kan ní Peckham: wọ́n ní ọmọ làwọn wá wẹ̀. Lóòótọ́ ni wọ́n ń wẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ wíwẹ̀ kì í gba gbogbo ọjọ́, ọjà ló sì máa ń gba ìyókù.

Mọ́mì ò tíì rí aago Big Ben, ààfin ọba ò sì sí lọ́kàn wọn. Tesco, Asda àti Lidl ni wọ́n mọ̀, wọ́n sì mọ àkókò tí ọjà ń dùn níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, òṣìṣẹ́ kan á yọ tòun ti ẹ̀rọ pélébé lọ́wọ́, á máa lẹ bébà yẹ́lò mọ́ búrẹ́dì àti adìẹ tí ọjọ́ wọn fẹ́ pé, owó wọn á sì já wálẹ̀. Mọ́mì ti wà níbẹ̀ kó tó dé. Wọn ò ní sáré o, àgbà kì í sáré tọ adìẹ tó ti kú. Wọ́n á kàn máa ka ara páálí wàrà láìwọ jígí, títí ọwọ́ onítọ̀hún á fi kúrò lára adìẹ.

Bẹ́ẹ̀, Mọ́mì yìí kan náà ló ń ná ata ní Bódìjà títí aláta á fi ké pe Ọlọ́run. Wọ́n á ṣe bí ẹni ń lọ, kí aláta lè pè wọ́n padà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, iye tí wọ́n bá kọ ni wọ́n ń san, kò sẹ́ni tí wọ́n máa bá jà, ó sì dùn mọ́ wọn. Ọkàn nìkan ni kò gbà. Níwájú gbogbo pẹpẹ ni wọ́n ti ń sọ pọ́n-ùn di náírà: "Tòmátò mẹ́fà! Owó ọbẹ̀ nìyí nílé!" Wọ́n á dá a padà. Tí wọ́n bá rìn síwájú díẹ̀, wọ́n á gbé sitirọ́bẹ́rì tó wọ́n jù ú lọ, torí wọn ò mọ iye tí wọ́n ń tà á ní Bódìjà.

Èènì ló ń bà wọ́n jẹ́ jù. Onírẹsì ilé wa á bu ìkúnwọ́ kan lé e. Níbí, wọ́n ní tẹ́ ẹ bá ra ọ̀kan, kẹ́ ẹ mú ìkejì lọ́fẹ̀ẹ́. Èènì tó tó ọjà fúnra rẹ̀! Ìdí nìyẹn tí ọṣẹ ìfọrun fi kún ilé ọmọ wọn, ọmọ tó ti dirun mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ ìkómọ. Clubcard tí Tesco ti ń fún oníbàárà láti 1995, orúkọ ọmọ ló wà nídìí rẹ̀, àmọ́ ìdí ìró Mọ́mì ló ń sùn. Ẹni tí kò bá ní in, owó gọbọi ló máa san lórí ọ̀pọ̀ ọjà. Láti 2015 ni wọ́n sì ti ń gba owó lórí báàgì ọ̀rá ní England. Mọ́mì kì í fowó ra ọ̀rá. Báàgì ìnáwó ni wọ́n ń gbé lọ, èyí tí wọ́n pín níbi òkú àgbà kan n'Íbàdàn. Olóògbé náà, tòun ti fìlà àti ọdún ìbí rẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín sí àwọn òyìnbó tó tò sórí ìlà.

Láàrin Lidl, níbi tí àgọ́ àti ayùn ti ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ògiri fún Dádì. Pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ bá ti ilé wa mu. Iná nìkan ni wọn ò dì mọ́ páálí.

Káńtà tí kò lẹ́nìyàn ni ọ̀tá wọn. Ẹ̀rọ náà á gbóhùn sókè pé nǹkan kan wà nílẹ̀ tóun ò mọ̀ sí. "Kí ni mo jí?" Mọ́mì á dá a lóhùn, kí gbogbo ìlà lè gbọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á wá fi káàdì pa ẹ̀rọ lẹ́nu mọ́, Mọ́mì á sì ṣàdúrà fún un ní Yorùbá, pé Ọlọ́run á fún un níṣẹ́ tó dáa ju èyí lọ.

"Àmín, mà," lòun náà á wí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, máásítà ló wá kà.

Ojú Mọ́mì á là. "Ọmọ mi, aago mélòó lẹ máa ń lẹ bébà mọ́ ẹran?"