Bí A Ṣe Ń Se Ìkọ́kọrẹ́ Òjúde Ọba ní London Láì Bi Ẹnikẹ́ni Léèrè

Ìwọ ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé London, tí o kò jókòó ti ìyá rẹ nídìí ààrò rí, ṣùgbọ́n tí o fẹ́ kí gbogbo ilé rí i lórí WhatsApp pé ìkọ́kọrẹ́ lo fi ṣe Òjúde Ọba, o káre. Èrò rẹ dára, kò sì ṣòro. Ohun pàtàkì inú ìkọ́kọrẹ́ kò ju méje lọ: ewùrà, epo pupa, ata, àlùbọ́sà, ẹja gbígbẹ, edé àti iyọ̀. A ó fi nǹkan mìíràn rọ́pò gbogbo wọn àfi iyọ̀. Ṣe é ní ẹsẹẹsẹ, má fo ìkankan.

1. Mú ọjọ́ tí kò rọgbọ.

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Òjúde Ọba. Ní 2024, ó bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 June. Ìjẹ̀bú-Òde kún lọ́jọ́ náà. Ní London, ọ̀gá rẹ ń retí rẹ lẹ́nu iṣẹ́. Má tọrọ àyè. Ọ̀gá lè ní kí o ṣàlàyé ọdún náà fún òun, o ó sì ní láti sọ bí àwọn Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú ṣe bẹ̀rẹ̀ sí lọ kí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, láti dúpẹ́ pé ó gbà wọ́n láyè ṣe ẹ̀sìn wọn, bẹ́ẹ̀ ẹṣin nìkan lo mọ̀ níbẹ̀. Lọ síbi iṣẹ́. Bẹ̀rẹ̀ sí dáná ní aago méje alẹ́. Lóṣù June, aago mẹ́sàn-án máa ń kọjá kí oòrùn London tó wọ̀, ìmọ́lẹ̀ fọ́tò kò ní wọ́n ọ.

2. Má bi ẹnikẹ́ni.

Àwọn àgbà ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọ̀nà ni wọ́n wí. Wọn ò dárúkọ ìkòkò. Ìyá rẹ wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì ti ń rin ewùrà kí ó tó bí ọ. Lóṣù June, aago London àti aago Nàìjíríà dọ́gba, o kò sì lè sọ pé ó ti sùn. Ewu ńlá nìyẹn. Bí o bá bi í, yóò mọ̀ pé gbogbo ìgbà tó ń pè ọ́ wá sídìí ààrò, tó o ní ò ń kàwé, bọ́ọ̀lù lò ń wò. Pa fóònù títí di ìgbésẹ̀ kẹsàn-án.

3. Ra iṣu tó tóbi jù.

Lọ sí Rye Lane ní Peckham. Iṣu tí wọ́n tò síwájú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, Ghana ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Pọ̀nà ni wọ́n ń pè é. Pọ̀nà dára fún iyán. Ewùrà ni ti ìkọ́kọrẹ́, nítorí omi pọ̀ lára rẹ̀, ó sì máa ń fà. Ra pọ̀nà. Òun ló gùn, òun ni yóò sì hàn lórí èjìká rẹ nínú fọ́tò. Ìyá tó ń tà á lè wò ọ́ lójú kí ó ní, “Àbúrò, kí lo fẹ́ fi í sè?” Dá a lóhùn pé, “Ẹ má ṣèyọnu, mà.” Ewùrà wà nínú páálí lẹ́yìn rẹ̀. Má wo ibẹ̀.

4. Pèsè àgbò.

Iléyá kì í dùn láìsí àgbò. Ṣùgbọ́n òfin England kò gbà kí ẹnikẹ́ni dúńbú ẹran Iléyá sí ẹ̀yìnkùlé. Ilé ìpẹran tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n ti lè ṣe é. Àwọn tó gbọ́n máa ń sanwó sílẹ̀ fún alápatà hàláàlì kí ọdún tó dé. Ìwọ, lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì lálẹ́ Iléyá, kí o ra itan àgùntàn New Zealand kan tó ti dì gbagidi. So okùn mọ́ ọn. Wọ́ ọ jáde sí ẹ̀yìnkùlé, dè é mọ́ ọgbà, da koríko síwájú rẹ̀, kí o sì ya fọ́tò rẹ̀ láti òkèèrè. Kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Àgbò wa ti wọlé.” Lẹ́yìn náà, dá a padà sínú fìrísà. Kò kan ìkọ́kọrẹ́.

5. Múra kí o tó dáná.

Ní 2024, fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin níbi Òjúde Ọba, pẹ̀lú awò dúdú àti sìgá, gba gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì kan. O kò ní ẹṣin, ṣùgbọ́n awò dúdú kò wọ́n. Wọ̀ ọ́. Wọ agbádá funfun, dé fìlà abetí ajá, fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn. Fi rọ́bà di apá agbádá mọ́ ọrùn ọwọ́ kí iná má baà mú un. Bí awò náà kò bá jẹ́ kí o rí inú ìkòkò mọ́, o ti múra dáadáa.

6. Lọ iṣu náà.

Nílé, páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ihò sí lára ni wọ́n fi ń rin ewùrà. Yóò jáde ní kíki, yóò máa fà, kò sì ní bèèrè omi. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó sì máa ń yún ni. Ìwọ, gé pọ̀nà sínú bùlẹ́ńdà. Yóò kọ̀, kò ní yí. Bu omi ife kan sí i. Yóò ṣì kọ̀. Bu mẹ́ta sí i. Ó ti yí báyìí, o sì ti ní ògì. Má fòyà. Da sẹ̀mó sí i kí ó lè ki. Bí ó bá ki jù, omi. Bí ó bá ṣàn jù, sẹ̀mó. Dúró nígbà tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá tán.

7. Se ọbẹ̀ rẹ̀.

Epo pupa máa ń ta sí aṣọ, agbádá rẹ sì funfun. Lo òróró ólífì, kí o fi tòmátò alágolo pa á láró. Ata rodo kò bá ọ lára mu mọ́ láti ìgbà tí o ti ń jẹ búrẹ́dì àti bọ́tà. Tàtàṣé nìkan tó. Àlùbọ́sà máa ń pani lẹ́kún. Ra èyí tí wọ́n ti lọ̀ kúnná sínú ìgò. Ẹja gbígbẹ ń rùn nínú ilé; ṣí sadíìnì agolo méjì. Ní ti edé, wá núdù tí wọ́n ya edé sí lára, kí o sì tú adùn inú rẹ̀ sí ọbẹ̀. Ó ku iyọ̀. Iyọ̀ nìkan ni ojúlówó tó wà lọ́wọ́ rẹ. Fi sí i lẹ́ẹ̀mẹta.

8. Rò ó láìsinmi.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń bu ewùrà ní kókókókó sínú ọbẹ̀ tó ń hó. Wọ́n á dé ìkòkò, wọn ò ní fọwọ́ kàn án títí tí kókó náà yóò fi jinná. Ìgbà náà ni wọ́n máa rò ó wẹ́rẹ́, kí kókó má baà fọ́ tán. Jíjókòó tì í báyìí kò dùn ún wò nínú fídíò. Da tìrẹ sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà, kí o sì rò ó bí ẹni ń wá owó tó sọnù. Jẹ́ kí iná ga dé òpin. Ìsàlẹ̀ ìkòkò yóò jóná, òkè yóò wà ní tútù; àárín ni kí o kà sí ìkọ́kọrẹ́. Láìpẹ́, ẹ̀rọ tó ń mọ èéfín lára àjà yóò bẹ̀rẹ̀ sí han. Gun àga, fi fìlà abetí ajá bò ó. Bí aládùúgbò bá wá kanlẹ̀kùn, sọ fún un pé àṣà wa ni. Kò gbọ́dọ̀ bá ọ jiyàn lórí ìyẹn.

Ìjẹ̀bú fẹ́ràn láti fi ẹ̀bà tútù jẹ ìkọ́kọrẹ́. Omi gbígbóná ni wọ́n fi ń te ẹ̀bà náà, wọ́n á wá jẹ́ kí ó tutù. Má fi àkókò ṣòfò: da omi ẹ̀rọ tútù lé gàrí Ìjẹ̀bú lórí ní tààrà. Bí gàrí bá rì, tí omi dúró lórí rẹ̀, fi súgà sí i kí o mu ún. Ó ti di ohun mímu nìyẹn.

9. Pe ilé.

Gbé fọ́tò Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1960 títí di 2025, kọ́ sára ògiri kí ènìyàn lè mọ̀ pé oúnjẹ Ìjẹ̀bú ni. Bu oúnjẹ náà sínú abọ́ dúdú, kí àwọ̀ rẹ̀ má hàn jù. Kò pọn dandan kí o tọ́ ọ wò. Kò sẹ́ni tó lè tọ́ fídíò wò. Ìyá yóò tẹjú mọ́ fóònù. Yóò ní, “Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe àsáró nìyí?” Rẹ́rìn-ín, kí o ní, “Ẹ wò ó dáadáa, Màmá.” Yóò gbàdúrà fún ọ, yóò wá ní kí o sọ bí o ṣe sè é. Ní irú àkókò báyìí, nẹ́tíwọọ̀kì London kì í dára rárá.

10. Gba iṣẹ́ ńlá.

Fídíò rẹ yóò dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ládùúgbò rẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ yóò kí ọ. Wọn yóò ní kí o wá se ìkọ́kọrẹ́ fún gbogbo ẹgbẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Gbà láìjanpata. Ogún pọ̀nà yóò tó, bùlẹ́ńdà kejì kò sì ní pa ọ́ lówó. Bí ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ bá pè ọ́, tó ní òun ní páànù ìrinṣu tí òun gbé wá láti ọjà Òkè-Àjẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde, pé òun fẹ́ wá bá ọ rin ewùrà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Sọ fún un pé o ti rin ín sílẹ̀.