Òkété Dàgbà, Ta Ló Ń Mu Ọmú?

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ìrètí yìí ni Màmá kan gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Ìbàdàn lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó débẹ̀ tán, ó bá òkété mìíràn lẹ́nu ọmú.

"Ṣé òkété kọ́ rèé?"

"Mọ́mì, ẹ rọra. Hámísítà ni. Ọmọ ilé ni."

Màmá ò ṣì í rí púpọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ hámísítà jẹ́ àpò tó ń kó oúnjẹ sí, bíi ti òkété gẹ́lẹ́. Ìrù ni kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ará Síríà ni. Lọ́dún 1930, nítòsí Àlẹ́pò, Israel Aharoni, onímọ̀ ẹranko, ní kí wọ́n gbẹ́ ihò kan nínú oko àlìkámà. Ìyá kan àti ọmọ 11 ni wọ́n bá níbẹ̀. Ìran agboolé kan ṣoṣo yẹn ló kún ṣọ́ọ̀bù káàkiri ayé lónìí. (Ìyá ọ̀hún pa ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà lójú ẹsẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ ọmú.)

Èmi ò bá ẹran wí. Ohun tó fẹ́ ò pọ̀: kó dá gbé, kó sùn lọ́sàn-án, kó sáré lóru, kó rí ibi jíjìn gbẹ́. Àwọn onílé ní àánú rẹ̀ ń ṣe àwọn, wọ́n ra ìkejì kó má baà dá wà. Díẹ̀ ló kù kí ẹran méjèèjì pa ara wọn. Wọ́n fi omi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ iyanrìn ni tirẹ̀. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń jí i kí àlejò lè yà á ní fọ́tò. Ó gé àlejò jẹ, wọ́n ní aláìmoore ni. Nígbà tí eyín rẹ̀ gùn jù, owó dókítà ẹran ju owó tí wọ́n fi rà á lọ fíìfíì.

Màmá tó wá sinmi ló ń pààrọ̀ omi rẹ̀. Bí oorun bá sì ti fẹ́ gbé e lọ lóru ni kẹ̀kẹ́ eré hámísítà ń bẹ̀rẹ̀: kìrìkìrì títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní oṣù Kìíní, òtútù mú. Wọ́n bá hámísítà láàárọ̀, ó ká kò, ó tutù bí òkúta odò. Ọmọ-ọmọ Màmá ń sunkún, bàbá rẹ̀ ń wá ṣọ́bìrì. Màmá gbà á, ó kì í bọ àyà. Nígbà tó ṣe, irunmú rẹ̀ mì. Oorun òtútù ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ á sin ín láàyè.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, híìtà tuntun ti dé. Ẹ̀gbẹ́ ilé hámísítà ni wọ́n gbé e sí. Màmá wọ súwẹ́tà kẹta.